Ìjọ Tí Kò Fẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù àti Àwọn Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tó Bí ní Amẹ́ríkà

 

Ó ṣòro kí á ka ẹni mẹ́wàá nínú gbọ̀ngàn yìí kí á má bá ẹni tí ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ti kọ̀wé sí Harvard, Yale tàbí Dartmouth rí. A mọ orúkọ wọn, a sì mọ bí owó wọn ṣe ń ga. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ẹni tó dá wọn sílẹ̀, àti ohun tó ń wá. Kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà: Harvard ti lé ní 150 ọdún kí Amẹ́ríkà tó ní ààrẹ. Kì í ṣe àwọn oníṣòwò olówó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn ló wà lára ilé. Ìjọ onígbàgbọ́ kan ni, ìjọ Congregational, tí àwọn Bàtísì àti Mẹ́tọ́díìsì fi iye ọmọ ìjọ jù lọ fíìfíì lónìí. Orí iṣẹ́ ọwọ́ ìjọ yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Àwọn Puritan tó dá ìjọ yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ wá tẹ ìlú dó sí Massachusetts láti 1630, kò fẹ́ rí bíṣọ́ọ̀bù sójú. Lójú tiwọn, ìjọ kọ̀ọ̀kan ló ń yan àlùfáà rẹ̀, òun ló ń bọ́ ọ, òun náà ló sì lè ní kí ó máa lọ. Kò sí ọ̀gá kankan lókè tó lè fi ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tó bá ní òun ni yóò yan àlùfáà fún ara òun gbọ́dọ̀ mọ ìwé débi tí kò fi ní í gba ẹlẹ́nu dídùn ní oníwàásù. Àlùfáà pàápàá, tí kò ní oyè tí yóò fi dẹ́rù bà wọ́n, gbọ́dọ̀ gbọ́ Látìn, Gíríìkì àti Hébérù kí ẹnu rẹ̀ tó tólẹ̀ láàárín wọn. Bí ọ̀rọ̀ ilé ìwé ṣe di kánjúkánjú nìyẹn, nígbà tí wọn kò tíì rí oúnjẹ jẹ yó dáadáa.

Òfin tí wọ́n ṣe ní 1647 là á mọ́lẹ̀. Ìlú tó bá ní agboolé 50 gbọ́dọ̀ gba olùkọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ní kíkà àti kíkọ. Èyí tó bá ní 100 gbọ́dọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà tí yóò múra ọmọ sílẹ̀ de yunifásítì. Sátánì ni òfin náà dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá tó fẹ́ kí àwọn ènìyàn wà láì mọ Ìwé Mímọ́. Ká sọ tòótọ́, mo fẹ́ràn òfin yẹn. N kò tíì gbọ́ ìdí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ìjọba fi ń san owó olùkọ́.

Yunifásítì tí òfin náà ní lọ́kàn ti wà nílẹ̀. Ní 1636 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Massachusetts dìbò pé kí wọ́n fi pọ́n-ùn 400 dá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin àlùfáà kan, John Harvard, kú, ó fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ àti nǹkan bí ìwé 400 sílẹ̀ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dára tó bí ẹ ṣe rò. Nathaniel Eaton, ọ̀gá àkọ́kọ́, fi kùmọ̀ igi tó gùn tó yáàdì kan na igbákejì rẹ̀ títí onítọ̀hún fi rò pé ikú dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹja tí wọn kò yọ ìfun rẹ̀ ni wọ́n ń gbé síwájú àwọn. Ìyàwó ọ̀gá ní ti ẹja yẹn, òun kò mọ̀ sí i, àmọ́ ojú ń ti òun pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ilé òun. Wọ́n lé Eaton ní 1639. Henry Dunster tó gbapò rẹ̀ ní 1640 tún ilé náà tò, ó sì gba ìwé àṣẹ fún un ní 1650. Ní 1654 ó di dandan kí òun náà fi ipò sílẹ̀, nítorí ó ti gbà pé kò tọ́ kí á ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ọmọ tirẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe kò gbà á sílẹ̀.

Ẹ kíyèsí i, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù tó lé Dunster. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló lé e: àlùfáà, adájọ́ àti alámòójútó tí wọ́n jọ ń gbé ìlú. Agbára kọ́lẹ́ẹ̀jì wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kékeré tó jókòó sí ìtòsí, tí kì í jíhìn fún ẹnikẹ́ni lókè. Àwọn Congregational kò ronú ìlànà mìíràn fún ilé ìwé wọn ju èyí tí wọ́n fi ń darí ìjọ lọ. Ìlànà náà sì ni yóò jẹ́ kí àwọn ilé ìwé wọ̀nyí bọ́ mọ́ ìjọba lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n sì tún bọ́ mọ́ ìjọ náà lọ́wọ́.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà. Ní 1701, àwọn àlùfáà mẹ́wàá ní Connecticut, tí púpọ̀ nínú wọn jáde ní Harvard, dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn sílẹ̀. Ní 1718, Elihu Yale, ẹni tó ti là nídìí òwò ilẹ̀ Íńdíà nígbà tó jẹ́ gómìnà fún ilé-iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Madras, fi ẹrù mẹ́sàn-án, ìwé 417 àti àwòrán Ọba George Kìíní ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ta ẹrù náà, wọ́n rí pọ́n-ùn 562 níbẹ̀, wọ́n sì sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ra orúkọ pọ́ọ́kú tó Yale láyé. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ìyẹn, Timothy Cutler, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, parí àdúrà ìkẹ́kọ̀ọ́jáde pẹ̀lú gbólóhùn àwọn Áńgílíkà, jìnnìjìnnì sì bo gbogbo ìpéjọ. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti ń ka ìwé tí wọ́n tọrọ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ọ̀hún sì ti yí wọn lọ́kàn padà sí ìjọ bíṣọ́ọ̀bù tí àwọn bàbá wọn sá fún. Ìgbìmọ̀ yọ Cutler, wọ́n ní ọ̀gá àti olùkọ́ tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Connecticut. Ìwé tó yí wọn lọ́kàn padà wà nílẹ̀ ní tiẹ̀, ẹnikẹ́ni kò kó o dànù.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí Dartmouth. Eleazar Wheelock, àlùfáà Congregational ní Lebanon, Connecticut, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn tí òyìnbó ń pè ní Ìndíánì. Èyí tó gbayì jù nínú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni Samson Occom, ọmọ ẹ̀yà Mohegan, tó di àlùfáà ní 1759. Ní ìparí 1765, Wheelock rán Occom àti àlùfáà òyìnbó kan, Nathaniel Whitaker, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lọ tọrọ owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Èrò ń wọ́ tẹ̀lé Occom. Ó wàásù ju 300 ìgbà lọ. Ọba George Kẹta fúnra rẹ̀ fi pọ́n-ùn 200 sílẹ̀, àpapọ̀ owó náà sì tó nǹkan bíi pọ́n-ùn 12,000, owó tí kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà tí kò ní ṣí ẹnu wò. Nígbà tí Occom padà délé ní 1768, inú ìṣẹ́ ló bá ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Wheelock ló ṣèlérí pé òun yóò tọ́jú wọn.

Ní 1769, Wheelock gba ìwé àṣẹ láti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní New Hampshire. Ó fi orúkọ Lord Dartmouth, tó jẹ́ olórí àwọn tí owó náà wà lọ́wọ́ wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ìwé àṣẹ náà kọ́kọ́ dárúkọ, ó wá fi àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé wọn. Nínú kíláàsì, ó yí padà bírí: àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló kún ibẹ̀. Occom kọ̀wé sí Wheelock ní 1771, ó sọ ọ́ sí i lójú pé wọ́n fi òun tọrọ owó fún aláìní, wọ́n sì fi owó náà ṣe ti ẹlòmíràn. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù tí yóò fẹjọ́ sùn. Mo ti ń yin òmìnira ìgbìmọ̀ kékeré látàárọ̀. Èyí náà ni òmìnira yẹn. Ní 2022 ni Dartmouth tó kó àwọn ìwé àfọwọ́kọ Occom padà fún àwọn Mohegan.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí kan náà ló wá já okùn fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Amẹ́ríkà. John Wheelock, ọmọ Eleazar, jogún ipò ọ̀gá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ bí ẹni jogún oko. Ní 1815 ìjà dé láàárín òun àti ìgbìmọ̀ alámòójútó, wọ́n sì yọ ọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ New Hampshire rí àyè wọlé: ní 1816 wọ́n ṣòfin tó sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì di yunifásítì, wọ́n sì fẹ́ fi ènìyàn tiwọn kún ìgbìmọ̀. William Woodward, akọ̀wé àti akápò, kó òǹtẹ̀ àti ìwé àkọsílẹ̀ tẹ̀lé àwọn ti ìjọba. Ìgbìmọ̀ àtijọ́ pè é lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ New Hampshire dá wọn lẹ́bi. Daniel Webster, tó jáde ní Dartmouth ní 1801, gbé ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Washington. Ní oṣù kejì 1819, John Marshall, adájọ́ àgbà, ní àdéhùn ni ìwé àṣẹ tí ọba fún Dartmouth, ìjọba ìpínlẹ̀ kankan kò sì lè dá a yí padà.

Ẹni tó bá rántí bí ìjọba ṣe gba ilé ẹ̀kọ́ mísọ́nnì lọ́wọ́ àwọn ìjọ nílẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1970 yóò mọ bí ìdájọ́ yìí ṣe wúwo tó. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó fẹ́ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé kò sí gómìnà tó lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun ti gbà á. Wọ́n wá ń dá a sílẹ̀ lóríṣiríṣi. Williams ti wà láti 1793, Bowdoin láti 1794, Amherst tẹ̀ lé e ní 1821. Mary Lyon gbé àpò aláwọ̀ ewé kọ́ apá, ó ń tọrọ owó láti ilé dé ilé, títí ó fi ṣí Mount Holyoke fún àwọn ọmọbìnrin ní 1837. Bí wọ́n ṣe ń ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ: Illinois College ní 1829, Grinnell ní Iowa ní 1846, Carleton ní Minnesota ní 1866, Colorado College ní 1874, Pomona ní California ní 1887. Ní Hawaii, àwọn mísọ́nnárì wọn ṣí Punahou fún ọmọ ara wọn ní 1841. Ní ti ilé ẹ̀kọ́ gírámà, Phillips Academy ní Andover (1778) àti ti Exeter (1781) ni àwọn olówó Amẹ́ríkà ṣì ń sáré fi ọmọ sí.

Ìjà inú ìjọ pàápàá ń bí ilé ìwé. Nígbà tí Harvard fi Henry Ware, ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan gbọ́, ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ní 1805, àwọn tó di ìgbàgbọ́ àtijọ́ mú bínú kúrò, wọ́n sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà sí Andover ní 1808. Wọ́n ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan máa tún ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ṣe ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ẹ̀rù Harvard ń bà wọ́n dáadáa.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa àwa aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí tí Harvard fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 2022 sọ pé ó ju 70 ènìyàn lọ tí àwọn olórí, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mú lẹ́rú. Ní 1831, Simeon Jocelyn, àlùfáà òyìnbó tó ń ṣe olùṣọ́ ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú ní New Haven, dá a lábàá pé kí wọ́n ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní ìlú náà, nítòsí Yale. Àwọn ará ìlú pe ìpàdé. Ẹni 700 ní rárá, ẹni mẹ́rin ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìlú onígbàgbọ́, ìlú ọ̀mọ̀wé, ìlú tí àlùfáà Congregational kò wọ́n níbẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run gbé aláwọ̀ dúdú wá sí àárín wọn láì bi wọ́n. Ní 1839, àwọn ọmọ Mende tí wọ́n jí kó ní agbègbè Sierra Leone, tí wọ́n sì tà sí Cuba, gba ọkọ̀ Amistad lọ́wọ́ àwọn tó ń kó wọn lọ lójú òkun. Sengbe Pieh ni aṣáájú wọn. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà mú wọn, ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n ní New Haven. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè wọn. Josiah Gibbs, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè ní Yale, wọ inú ẹ̀wọ̀n lọ bá wọn, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka oókan títí dé ẹẹ́wàá. Ó wá lọ sí èbúté New York, ó ń rìn láàárín àwọn atukọ̀, ó ń ka oókan, eéjì ní Mende sókè ketekete, títí ọ̀dọ́ kan fi dá a lóhùn. James Covey lorúkọ rẹ̀, ọmọ Mende tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tí àwọn mísọ́nnárì CMS sì kọ́ níwèé ní Sierra Leone, ẹgbẹ́ kan náà tó kọ́ Àjàyí Crowther wa níwèé níbẹ̀. Lẹ́nu Covey ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà yanjú.

Jocelyn tí wọ́n fi ìbò kọ àbá rẹ̀ ní 1831 wà nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó gbà wọ́n ní agbẹjọ́rò. Lewis Tappan, oníṣòwò New York, sì ni òpómúléró ìgbìmọ̀ náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ní Yale ń kọ́ wọn ní kíkà nínú ẹ̀wọ̀n. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn sílẹ̀ ní 1841, àwọn 35 tó ṣẹ́kù sì wọkọ̀ padà sí Sierra Leone ní ìparí ọdún náà pẹ̀lú àwọn mísọ́nnárì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdébìnrin wọn, Margru, tún padà wá kàwé ní Oberlin, kọ́lẹ́ẹ̀jì Ohio tó ti ń gba aláwọ̀ dúdú láti 1835. Ìbò kan ṣoṣo, ti alága ìgbìmọ̀, ló jẹ́ kí Oberlin gbà wọ́n. Ìgbìmọ̀ kékeré tún nìyẹn.

Inú ìgbìmọ̀ Amistad ni American Missionary Association ti yọ ní 1846. Ní orúkọ, kì í ṣe ti ìjọ kan. Ní ti owó àti ènìyàn, àwọn Congregational ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ṣe parí ní 1865, ẹgbẹ́ yìí sáré wọ gúúsù pẹ̀lú àwọn olùkọ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin láti New England. Yunifásítì Atlanta, Fisk ní Nashville, Talladega ní Alabama, Hampton ní Virginia, Tougaloo ní Mississippi: láàárín bí ọdún márùn-ún ni gbogbo rẹ̀.

Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun tó ti di àlòkù ni Fisk ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1866. Àgbà àti ọmọdé ló wá, àwọn tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìwé tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1871, òrùlé ń jò, gbèsè sì ti wọ ọ̀rùn. George White, akápò, kó akọrin mẹ́sàn-án, púpọ̀ nínú wọn ẹrú àná, ó gbéra lọ sí ìhà àríwá kí wọ́n lọ fi orin wá owó. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, wọn kò fẹ́ dáwó. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n dé Oberlin, níbi tí àpérò gbogbo ìjọ Congregational Amẹ́ríkà ti ń jókòó. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n kọrin níbẹ̀. Orin ẹ̀mí tí àwọn òbí wọn ń kọ nínú oko, èyí tí wọn kì í fẹ́ kọ níwájú àlejò, ni wọ́n kọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọ́n padà sílé pẹ̀lú nǹkan bí 20,000 dọ́là, wọ́n sì kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria ní 1873. Owó orin ni wọ́n fi kọ́ Jubilee Hall, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kìíní ọdún 1876. Ó ṣì dúró ní Nashville.

Àwọn ọmọ ìyá kan náà kò sì fẹnu kò. Hampton ní kí aláwọ̀ dúdú kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, Booker T. Washington sì jáde láti ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ yẹn. Fisk ní kí wọ́n kọ́ Látìn àti Gíríìkì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní Yale. W. E. B. Du Bois kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Fisk ní 1888, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard ní 1895, ó wá lọ ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Atlanta. Ilé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Congregational ni orírun wọn. Ìjà tó bá Washington jà nípa irú ẹ̀kọ́ tó yẹ aláwọ̀ dúdú, ìjà inú agboolé ni.

Nígbà tó ṣe, àwọn ọmọ kúrò nílé. Harvard kò fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ìsìn mọ́ láti 1886, Yale ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1926. Ní 1905, Andrew Carnegie fi mílíọ̀nù dọ́là mẹ́wàá kalẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá wà lábẹ́ àkóso ìjọ kò ní jẹ níbẹ̀. Àwọn ìjọ mìíràn jà, wọ́n ké. Ní ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Congregational, kò sí ohun tó le níbẹ̀: ìwé wo ló sọ pé ìjọ ló ni wọ́n? Ìgbìmọ̀ wọn ló ni wọ́n láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé wọn.

Ní 1957, ìjọ Congregational fúnra rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn di United Church of Christ. Nínú àwọn tó ṣì ń jẹ́wọ́ ìjọ náà lónìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì aláwọ̀ dúdú mẹ́fà ní gúúsù wà níbẹ̀: Fisk, Talladega, Tougaloo, Dillard, LeMoyne-Owen àti Huston-Tillotson. Àwọn kan sọ pé ìgbàgbọ́ wọn ló jinlẹ̀ jù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn náà ni owó ìjọ bọ́ pẹ́ jù, nítorí kò sí Elihu Yale kankan tó fi ẹrù mẹ́sàn-án ránṣẹ́ sí wọn.